Ibodè Tó Ṣí ní Ojúlé Kẹfà

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Ìbíyẹmí Adéṣọkàn rí i. Ó ń yẹ àwọn ibodè Òpópónà Ìdí-Ọsàn wò lórí wàláà ọwọ́ rẹ̀, ojúlé kan tẹ̀ lé òmíràn, bó ti máa ń ṣe ní ọjọ́ tí Aláyẹ̀wò, ẹ̀rọ ìlú tó ń dán gbogbo ibodè wò, bá máa kọjá. Ojúlé kìíní wà ní títì. Èkejì wà ní títì. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, bákan náà ni, àfi ibodè mélòó kan tí òfin mọ̀: ti omi, ti iná, ti ilé ìwòsàn. Ìgbà tó dé ojúlé kẹfà ni ìlà pupa kan yọ láàárín àwọn ìlà dúdú.

Ibodè 7043. Ó ṣí sílẹ̀. Ó ṣí sí gbogbo ayé.

Ó pa wàláà náà, ó tún un tàn, bí ẹni tó rò pé ojú ló ń tan òun jẹ. Ìlà pupa náà kò kúrò níbẹ̀. Ojúlé kẹfà sì ni ilé bàbá rẹ̀.

Òun ni oníbodè àdúgbò. Ọdún kẹrin rèé tí kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilé mẹ́sàn-án ló sì wà nínú odi kan ṣoṣo tó ń ṣọ́. Inú sáfà ilé kọ̀ọ̀kan, àpótí ẹ̀rọ tó so ilé mọ́ ìlú, ni odi náà wà. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ń wọlé tó ń jáde ló ń gba ibodè rẹ̀ kọjá, látorí omi ẹ̀rọ dé orí ohùn ẹni tó ń pe ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ pé kó ṣí. Lára ògiri yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, àṣẹ Ìgbìmọ̀ Odi wà nínú gíláàsì: àdúgbò tí Aláyẹ̀wò bá bá ibodè tí a kò fi tó o létí ní ṣíṣí, a ó ti àdúgbò náà pa fún ọjọ́ méje.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n ti Òpópónà Agbogbo pa. Ìbíyẹmí rí àwọn ará ibẹ̀ tí wọ́n ń pọn omi odò. Ó rí aboyún kan tí wọ́n gbé sórí ọmọlanke lọ sí ìlú kejì, torí pé ilé ìwòsàn kò dá àdúgbò náà mọ̀ mọ́.

Aago méjì ọ̀sán ni Aláyẹ̀wò máa dé. Ìbíyẹmí kó wàláà rẹ̀ sábíyá, ó sáré sọdá títì.

Ó bá bàbá rẹ̀ lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ṣíbí jẹ ìbẹ́pẹ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni Bàbá Adéṣọkàn. Iṣẹ́ òpó iná ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì, ó sì dá a lójú pé kò sí wáyà kan láyé tó lè ṣòro fún òun.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ta ló fọwọ́ kan sáfà yín?"

"Sáfà wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù."

"Mo nu eruku lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan."

"Eruku nínù kì í ṣí ibodè, Bàbá. 7043 ṣí gbayawu. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tó ti ṣí."

Bàbá fi ṣíbí sílẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé.

"Torí Gbádégẹṣin ni," ó wí.

Àbúrò Ìbíyẹmí ni Gbádégẹṣin. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ó yá àlejò kan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan péré. Àlejò náà gba ibẹ̀ wọlé, ó sì dá omi àti iná àdúgbò mẹ́ta dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n yọ orúkọ Gbádégẹṣin kúrò nínú ìwé ìlú. Fún ọdún mẹ́wàá gbáko, ilé kankan kò gbọdọ̀ ṣí ibodè fún un. Ọkọ̀ òkun akẹ́rù ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ibi tó bá sùn lónìí kọ́ ni yóò jí sí lọ́la.

"Ẹ ń bá a sọ̀rọ̀?"

"Láràárọ̀, nígbà tí mo bá ń jẹun. Òun ló kọ́ mi bí mo ṣe máa ṣí i. Ó ní àdírẹ́sì tòun nìkan ni kí n ṣí i fún. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti ń rìn ni àdírẹ́sì ń yí padà, mo sì ń ṣì í kọ. Ó wá sú mi. Mo bá ṣí i fún gbogbo èèyàn." Ó gbé ojú sókè. "Mo rò ó pé kò séwu. Ibodè tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin ló wà lára àpótí yẹn. Ta ló máa jókòó kà á dé orí ẹgbẹ̀rún méje?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ àṣírí wo lẹ fi ṣọ́ ọ?"

"Orúkọ ìyá rẹ."

Orúkọ ìyá rẹ̀ wà nínú ìwé ìlú, ó wà lára òkúta sàréè rẹ̀, ẹni tó bá wá a kò ní wá a pẹ́.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Sáfà náà kò ju òdidi búrẹ́dì kan lọ. Kò ní ojú, kò sì ní bọ́tìnnì. Iná kékeré aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Láti orí wàláà ni àwọn oníbodè ti ń wọ inú rẹ̀, ibodè 22 ni wọ́n sì ń gbà. Ó wọlé, ó ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tó ti wá kan ibodè láti ìdájí. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ẹnì kan kàn, kò wọlé. Ẹnì kan kàn, kò wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlà náà ṣe tò lọ, títí ó fi kan èyí tó jẹ́ ti aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Èyí wọlé. Ìbíyẹmí wá ìlà tó sọ pé ó jáde. Kò rí i.

"Bàbá, ṣé Gbádégẹṣin pè yín nígbà tí aago mẹ́wàá ń lọ lù?"

"Rárá o. A ti sọ̀rọ̀ tán kí aago mẹ́jọ tó lù."

Àjèjì kan wà nínú ilé. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lórí wàláà. Ẹni náà ti dán ilẹ̀kùn wò. Ó ti dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó ti ka kọ́kọ́rọ́ tí ẹ̀rọ omi fi ń bá ti àwọn àdúgbò yòókù sọ̀rọ̀. Ní báyìí, ó ń gba inú wáyà kan tó la ògiri kọjá lọ sí ojúlé karùn-ún.

Ìbíyẹmí mọ wáyà yẹn. Ààrá ló ba sáfà Ìyá Mórèniké, aládùúgbò wọn, jẹ́ nígbà òjò, Bàbá fúnra rẹ̀ ló la wáyà náà kọjá kí ẹ̀rọ tí ìyá náà fi ń mí lè máa gba ọ̀dọ̀ tiwọn kàn sí ilé ìwòsàn.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ oníbodè ni pé kó tó ti ibodè kankan, kó kọ́kọ́ rí i pé èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé kò sí lára àwọn tó fẹ́ tì. Ó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó ti kọ́ àwọn míì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bò ó, ipasẹ̀ tó ń lọ sínú ògiri nìkan ló ń wò. Ó kọ ọ́ pé kí gbogbo ibodè tì, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Wàláà náà ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló kù lójú rẹ̀: *Kò sí ọ̀nà.*

Ó ti ti 22 mọ́ àwọn yòókù. Lára sáfà, iná aláwọ̀ ewé náà ń ṣẹ́jú lọ ní tirẹ̀, kíákíá. Odi a máa dá ẹni tó ń bọ̀ dúró. Kì í lé ẹni tó ti wọlé jáde. Ìbíyẹmí ti tilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé, òun alára sì wà níta.

"Kí ló dé?" Bàbá ti dìde.

"Mo ti ara mi mọ́ ìta. Ó ṣì wà nínú."

"Fa wáyà yọ."

"Tí mo bá fà á yọ, Ìyá Mórèniké ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì mọ òfin ẹ̀rọ ìwòsàn. Kí àjèjì má baà lè máa darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ṣe é pé tí kò bá gbúròó ilé ìwòsàn fún ogún ìṣẹ́jú, yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀.

"Ìbíyẹmí," Bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè, "nígbà tí iná bá mú èèyàn lórí òpó, a kì í dúró bá iná rojọ́. À á fa wáyà yọ ná."

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìró kan gba inú ògiri wá. Ẹ̀rọ Ìyá Mórèniké, tó máa ń mí jẹ́jẹ́ bí ẹni tó sùn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ó ń sáré, ó ń dúró, ó tún ń sáré.

"Ẹ lọ bá wọn," Ìbíyẹmí wí. "Rọ́bà tí wọ́n fi ń fọwọ́ fún afẹ́fẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má dúró títí màá fi pè yín."

Bàbá jáde láìwọ bàtà. Ìbíyẹmí fa wáyà ìta yọ, ó fa ti inú ògiri yọ, ó sì fa ti iná. Iná aláwọ̀ ewé náà kú. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú méjìlélógún.

Gbogbo oníbodè ló ń tọ́jú ẹ̀dà sáfà ilé kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé, sórí irin pẹlẹbẹ kékeré kan. Ti ojúlé kẹfà wà nínú àpò rẹ̀. Ó fi í bọnú sáfà náà, ó dá iná padà fún un, ó ní kó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sóhun tó tún lè ṣe ju kó dúró lọ. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Méje. Ó ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ láti inú ògiri, ó ń sọ nǹkan kan fún Ìyá Mórèniké, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà, ohùn náà dákẹ́. Ẹ̀rọ náà ti dákẹ́ pẹ̀lú. Ogún ìṣẹ́jú kò tíì pé. Bóyá ohun tí àjèjì yẹn ṣe sí i ló fà á. Ohun tó ń gbọ́ báyìí ni rọ́bà: fúù, ó dákẹ́, fúù, ó dákẹ́.

Ìṣẹ́jú kẹsàn-án ni sáfà náà jí.

Ó fi wáyà kúkúrú so wàláà mọ́ ọn, láìtíì dá tìta padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń ka ohun tó ń kọ síta, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ iléèwé. Ibodè 22, kó ṣí fún wàláà yìí nìkan. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ló tó kọ ọ́ pé kí gbogbo ibodè yòókù tì. Ó tún fi kún un pé bí òun kò bá fèsì láàárín ìṣẹ́jú kan, kí sáfà da gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Ó mí sínú, ó tẹ̀ ẹ́.

Wàláà náà kò ṣókùnkùn. Ó fèsì fún un. Ó wá ṣí ibodè ilé ìwòsàn, fún àdírẹ́sì ilé ìwòsàn nìkan, ó ṣí ti omi àti ti iná bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ gígùn kan tí kò jọ orúkọ ẹnikẹ́ni rọ́pò ọ̀rọ̀ àṣírí. Ó dá àwọn wáyà padà.

Ilé ìwòsàn kò dáhùn. Ó tún pè é. Àágùn ń ṣàn sí i lójú, kò sì nù ún. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà kan sì yọ: *A gbọ́ ọ, ojúlé karùn-ún.* Láti inú ògiri, ẹ̀rọ náà kọ́ bí ẹni ikọ́ ń dà láàmú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí jẹ́jẹ́.

Nígbà tó dé ọ̀hún, ó bá bàbá rẹ̀ létí ibùsùn, rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ ti le, kò lè jù ú sílẹ̀. Ìyá Mórèniké fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn sì ni òun gan-an jẹ́rìí níwájú Ìgbìmọ̀ pé ìṣojú òun ni Gbádégẹṣin ti yá àlejò ní kọ́kọ́rọ́. Láti ìgbà náà, òun àti Bàbá kì í sọ̀rọ̀ Gbádégẹṣin, wọn kì í sì í jà.

"Bàbá rẹ ti sọ fún mi," ó wí. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ló ń lè sọ kó tó mí. "Ó ní òun ló ṣí i."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá mò ń bínú. Kí ló kàn báyìí?"

Ìbíyẹmí sọ ọ́ fún wọn. Ìwé oníbodè wà lórí wàláà. Oníbodè tó bá kọ àṣìṣe àdúgbò rẹ̀ síbẹ̀ kí Aláyẹ̀wò tó dé, wọn kì í ti àdúgbò náà pa. Orí ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni ìyà máa ń bọ́ sí. Ẹni tí ewu náà bá sì kàn gbọ́dọ̀ tẹ ìka sí i.

"Ibodè náà ti tì," Bàbá wí. "O ti pa gbogbo ohun tó wà nínú àpótí rẹ́. Kí ni Aláyẹ̀wò máa rí?"

"Kò ní rí nǹkan kan."

"Kí lo wá fẹ́ kọ?"

"Ẹni yẹn ti ka kọ́kọ́rọ́ omi, Bàbá. Kì í ṣe tiwa nìkan. Tí mi ò bá sọ, ìlú ò ní pààrọ̀ rẹ̀. Yóò gba ibẹ̀ wọ ilé ẹlòmíì."

Bàbá gbé rọ́bà náà kalẹ̀ nígbẹ̀yìn. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, orúkọ tèmi ni kó o kọ. Mo ti dàgbà."

Ìbíyẹmí wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tí kò wọ bàtà lórí sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá ṣí ibodè fún ẹni tí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n á yọ tòun náà, kò sì ní ní omi, kò ní ní iná, kò ní ní dókítà. Gbádégẹṣin jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tiẹ̀, ó rí ọkọ̀ òkun wọ̀. Bàbá kò ní rí ibì kankan lọ. Ó mọ̀ pé òun kò lè kọ orúkọ yẹn, ó sì mọ̀ pé òun kò lè purọ́ sínú ìwé náà. Ó jókòó, wàláà wà lórí itan rẹ̀, aago kan sì lù, kò tíì kọ nǹkan kan.

Ìyá Mórèniké ló sọ̀rọ̀. "Ìbíyẹmí. Ìgbà wo lo yẹ ibodè wò gbẹ̀yìn kó tó di òní?"

Ó ronú. "Ọjọ́ tí Aláyẹ̀wò wá gbẹ̀yìn. Ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn."

"Ojoojúmọ́ kọ́ ló yẹ kó jẹ́?"

"Ojoojúmọ́ ni, Mà."

"Ṣé o rí i." Ó dúró kí ẹ̀rọ bá a mí. "Mo ti jẹ́rìí lé ọmọ bàbá rẹ lórí rí. Ó tó mi. Mi ò ní tẹ ìka sábẹ́ orúkọ bàbá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ irọ́ pẹ̀lú. Kọ èyí tó o jẹ̀bi rẹ̀."

Ó kọ ọ́. Ibodè 7043 ṣí ní ojúlé kẹfà fún ọjọ́ mọ́kànlá, oníbodè kò sì mọ̀, torí pé kò yẹ̀ ẹ́ wò. Àjèjì wọlé, ó ka kọ́kọ́rọ́ omi. Kí gbogbo àdúgbò pààrọ̀ tiwọn lónìí. Níbi tí ìwé náà ti béèrè ẹni tó jẹ̀bi, ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ìyá Mórèniké tẹ ìka sí i. Bàbá yíjú sí ògiri.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ẹnì kan kan ibodè 7043.

Ìbíyẹmí rí i lójú wàláà. Ẹ̀rọ a máa kàn lẹ́gbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Eléyìí kàn lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún kàn. Láti inú ọkọ̀ òkun kan ni àdírẹ́sì rẹ̀ ti wá.

"Gbádégẹṣin ni," ó wí.

"Ó ní òun máa pè tí ọkọ̀ wọn bá dé èbúté," Bàbá wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà sí wàláà náà. Ó wo ẹ̀rọ tó ń gbé àyà Ìyá Mórèniké sókè sódò, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà. "Má ṣí i."

"Mi ò ní ṣí i."

Ó tún kàn. Odi kò fèsì. Bí wọ́n ṣe ń mọ odi nìyẹn: ẹni tó bá wá kan ibodè tó tì, kò ní gbọ́ nǹkan kan, bí ẹni pé kò sí ilé níbẹ̀ rí. Ó dára bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ olè ló ń kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàn lọ́hùn-ún kò ní mọ̀ bóyá wọ́n tì í ni, tàbí ilé ti jó ni, tàbí bàbá òun ti kú láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Gbádégẹṣin kàn lẹ́ẹ̀kẹrin. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró kó tó kàn lẹ́ẹ̀karùn-ún.

Ìbíyẹmí kọ ìlà kan péré. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni tó bá kan 7043, kí odi dá a lóhùn pé ó tì. Òfin kò kọ̀ ọ́. Wọ́n kàn ń kìlọ̀ fún oníbodè pé kó má ṣe é, torí ìdáhùn á jẹ́ kí àjèjì mọ̀ pé ilé wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ìkànkùn mìíràn wọlé. Odi fèsì: *Ibodè yìí wà ní títì.*

Wọ́n dúró. Ẹ̀rọ ń mí. Kò sí ìkànkùn mọ́.

"Ṣé ó ti gbọ́?" Bàbá béèrè.

"Ó ti gbọ́. Ó ti mọ̀ pé ẹnì kan ló tì í."

Aago méjì, Aláyẹ̀wò dé. Ó kan gbogbo ibodè ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ìlà rẹ̀ ń dà lójú wàláà bí ọ̀wààrà òjò, àwọn tí òfin mọ̀ nìkan ló sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ó ka ìwé oníbodè. Èsì rẹ̀ kò gùn. Àdúgbò kò ní tì. Gbogbo ìlú yóò pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ omi kí ilẹ̀ tó ṣú. A gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ oníbodè fún ọdún méjì. Ẹlòmíràn yóò dé lọ́la láti Ìgbìmọ̀.

Wàláà náà kú lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ìyá Mórèniké na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí tirẹ̀, ó sì ní kí Ìbíyẹmí àti bàbá rẹ̀ má tíì lọ sílé.